Kòkòrò ikọ́ ife tí oògùn ò ràn: jíìnì ta ni?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, dókítà. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Adó-Èkìtì ti ń wúkọ́ láti bí oṣù méjì. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ikọ́ ife ni, àti pé rifampicin, ọ̀kan nínú oògùn ikọ́ ife, ò ran kòkòrò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ jíìnì ni. Bẹ́ẹ̀ àbúrò mi ò lo oògùn ikọ́ ife rí láyé rẹ̀. Ṣé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa ni? Ṣé a ṣì lè jọ jẹ iyán nínú abọ́ kan náà?

Ìdáhùn: Jíìnì tí nọ́ọ̀sì ń sọ, ti kòkòrò ni. Kì í ṣe ti àbúrò yín, kì í sì ṣe ti bàbá tàbí ìyá yín, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tú ìdílé wò.

Kòkòrò ikọ́ ife, tí Robert Koch fi hàn ayé ní 1882, ní ìwé ìlànà tirẹ̀ nínú ara: lẹ́tà bíi mílíọ̀nù 4.4, tó pín sí jíìnì bíi 4,000, ìyẹn abala ìlànà kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ń pín sí méjì ló ń da ìwé náà kọ, ó sì máa ń ṣì í kọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kòkòrò mìíràn a máa yá jíìnì tó ń borí oògùn lọ́wọ́ ara wọn. Ti ikọ́ ife kì í yá. Inú àṣìkọ tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ wo rifampicin. Ẹ̀rọ kan wà tí kòkòrò fi ń ka ìwé ìlànà rẹ̀, jíìnì rpoB ló ń ṣe apá kan nínú ẹ̀rọ náà, ibẹ̀ ni rifampicin sì ń há sí. Bí àṣìkọ bá yí ibẹ̀ padà, oògùn ò ríbi há mọ́. Nǹkan bíi 95 nínú àṣìkọ 100 tó ń sọ rifampicin di aláìlágbára ló wà láàárín lẹ́tà 81 péré. Lẹ́tà 81 yìí ni GeneXpert, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, ń wò, òun ló fi ń mú èsì jáde ní bíi wákàtí méjì, nígbà tí gbígbin kòkòrò kó lè hù ní yàrá àyẹ̀wò ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Isoniazid, oògùn ikọ́ ife mìíràn, yàtọ̀. Bí a ṣe ń gbé e mì, iṣu tí a ò tíì gún ni. Kòkòrò fúnra rẹ̀ ló ń gún un di májèlé, ohun tí jíìnì katG ń ṣe sì ni ọmọ odó rẹ̀. Bí katG bá bàjẹ́, iṣu á wà bẹ́ẹ̀, kòkòrò á sì máa jayé lọ. Bákan náà ni oògùn pyrazinamide, ohun tí jíìnì pncA ń ṣe ni ọmọ odó tirẹ̀. Àmọ́ àṣìkọ inú pncA fọ́n káàkiri jíìnì náà, ó sì ṣòro yẹ̀ wò. Ẹ fi sọ́kàn pé páálí GeneXpert tí wọ́n sábà ń lò kì í wo katG rárá. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ isoniazid wò lọ́tọ̀.

Kòkòrò kan nínú bíi mílíọ̀nù kan ló ń ṣèèṣì bọ́ lọ́wọ́ isoniazid, ọ̀kan nínú bíi mílíọ̀nù 100 sì ń bọ́ lọ́wọ́ rifampicin. Ihò kan nínú ẹ̀dọ̀fóró lè gba iye yẹn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ra kápúsù rifampicin nìkan ní kẹ́míìsì, tàbí tó ń lò ó tó ń fò ó, àwọn tó bọ́ yẹn ló ń sìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi po oògùn mẹ́rin pọ̀ sínú hóró kan: rifampicin 150 mg, isoniazid 75, pyrazinamide 400, ethambutol 275.

Àbúrò yín kúkú lè má tíì fẹnu kan ọ̀kankan nínú wọn. Àṣìkọ náà ń ti ara ìyá kòkòrò bọ́ sára ọmọ. Bí ẹni tí kòkòrò rẹ̀ ti yí padà bá wúkọ́, bó ṣe wà lára rẹ̀ náà ni ẹlòmíì á ṣe fà á símú.

Nítorí pé kò lo oògùn rí, ẹ ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Àṣìkọ kan wà tó ń yí lẹ́tà padà láì yí ẹ̀rọ padà. Ó lè mú èsì wí pé rifampicin ò ràn án nígbà tó ń ràn án. Kí ó wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà ní kùtùkùtù, kí ó má jẹ́ itọ́ ẹnu.

Bí èsì kejì bá bá ti àkọ́kọ́ mu, oògùn mẹ́rin yẹn kọ́ ni tirẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé gbé ìlànà oṣù mẹ́fà jáde ní 2022 fún ẹni ọdún 14 sókè: bedaquiline, pretomanid, linezolid àti moxifloxacin. A máa ń yẹ jíìnì gyrA wò, nítorí àṣìkọ inú rẹ̀ lè sọ moxifloxacin di aláìlágbára. Ciprofloxacin tí wọ́n ń tà fún gbogbo oníkọ́ ní kẹ́míìsì, ẹbí kan náà ni wọ́n, ó sì lè ti ba ọ̀nà jẹ́ sílẹ̀ (èyí máa ń bí mi nínú). Linezolid lè dín ẹ̀jẹ̀ kù, kó sì mú ẹsẹ̀ kú tipiri. Bedaquiline àti moxifloxacin ń fẹ́ kí a máa fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ṣe ń lù. Bó bá rí èyíkéyìí, kí ó sọ, kó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà. Òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ikọ́ ife ní ìjọba ìbílẹ̀ yín lè tọ́ yín sọ́nà.

Ní ti abọ́, ẹ jọ jẹ iyán yín. Inú afẹ́fẹ́ ni kòkòrò yìí ń gbà, kì í gba inú ọbẹ̀. Yàrá tí ẹ jọ ń sùn sí ni kí ẹ bojú wò: ẹ ṣí fèrèsé, kí ó dá sùn bó bá ṣeé ṣe, kí ó máa bo imú àti ẹnu, kí gbogbo ará ilé sì lọ ṣe àyẹ̀wò, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ṣáájú.