Ẹ Bi Ìyá Nọ́ọ̀sì: Ìyàwó mi ní HIV, èmi ò ní in, ọmọ la ń wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Wẹ́dà ni mí l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Kí n tó fẹ́ ìyàwó mi ló ti sọ fún mi pé òun ní kòkòrò HIV. Èmi ò ní in. Ọdún kẹta rèé tí a ti ń lo kọ́ńdọ̀mù. Ìyá mi ò mọ nǹkan kan, ikùn ìyàwó mi ló ń wò ṣáá. Ṣé a lè bímọ kí n má kó o, kí ọmọ náà má sì kó o?
*Bàbá Ọmọ Ọ̀la*

Ìdáhùn: Orúkọ yín dùn mọ́ mi. Ẹ lè bímọ, àmọ́ ẹ má tíì ju kọ́ńdọ̀mù nù lálẹ́ òní. Ẹ jọ lọ síbi tí ìyàwó yín ti ń gba oògùn, kí ẹ béèrè èsì viral load rẹ̀, ìyẹn iye kòkòrò náà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ti pé ara rẹ̀ ń dán. Bó bá ń lo oògùn rẹ̀ láìfo ọjọ́ kan, tí iye náà kò tó 200, tó sì ti wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kò lè kó o ràn yín lórí ibùsùn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣì ní sùúrù. Ẹ̀yin náà lè béèrè PrEP, oògùn tí ẹni tí kò ní kòkòrò náà ń lò kó má baà kó o.

Bó bá wá lóyún, kó má dá oògùn dúró. Ohun kan wà tí mo máa ń pariwo lé lórí: oògùn ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ní iron nínú) tí wọ́n ń fún aboyún. Bí dolutegravir bá wà nínú oògùn HIV rẹ̀, kó má gbé méjèèjì mì pọ̀ lórí òfìfo inú, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí dolutegravir wọ ara dáadáa. Kó lò wọ́n pọ̀ mọ́ oúnjẹ, tàbí kó lo dolutegravir ní wákàtí méjì ṣáájú oògùn ẹ̀jẹ̀.

Ọsibítù ni kó bí i sí, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á fún ọmọ ní nevirapine olómi, oògùn tí wọ́n ń lò kí ọmọ má baà kó kòkòrò náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi pé ọdún kan ààbọ̀.

Ìyá yín ńkọ́? Ẹ ò jẹ ẹ́ ní gbèsè àlàyé kankan. Ṣùgbọ́n yóò gbé omi àti àgbo wá, mo mọ̀ wọ́n, èmi náà ti di ìyá àgbà. Ọyàn nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà. Ẹ ní dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá a sọ ọ́, ẹ má rán ìyàwó yín.