Kí ló dé tí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ onígi àtijọ́ tí wọ́n yọ nínú omi gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà?

Omi gan-an ló gbé igi náà ró. Bí igi bá ti pẹ́ nísàlẹ̀ omi, àwọn kòkòrò àìfojúrí á ti jẹ lára rẹ̀, omi á sì ti gba ipò ohun tí wọ́n jẹ. Tí ẹ bá sá a sóòrùn, á sunkì, á lọ́, á sì sán.

Ẹ wo Vasa, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Sweden tó rì ní Stockholm lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbéra, ní 1628. Ọdún 1961 ni wọ́n tó gbé e jáde. Ọdún 17 gbáko ni wọ́n fi wọ́n polyethylene glycol sí i lára, ohun kan tó dà bí ìda, tó ń rọ́pò omi inú igi díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rọra jẹ́ kó gbẹ. Síbẹ̀, ìṣó irin inú rẹ̀ dógùn-ún, ó ń bá imí-ọjọ́ tó ti wọnú igi ṣiṣẹ́, ásíìdì sì ń jáde. Ìdí nìyí tí wọ́n fi irin tí kì í dógùn-ún rọ́pò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣó.

Ti ọkọ̀ onígi tó ṣì léfòó lórí omi yàtọ̀. Omi òjò ló ń ba òkè rẹ̀ jẹ́ ju omi òkun lọ, torí iyọ̀ kì í jẹ́ kí ìdíbàjẹ́ ráyè wọ igi. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún pákó ibi tí òjò ń gbà wọlé: bó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ti ń jẹrà.