Ọmọ ajá wa ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ló dé tó tún fi kú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Oṣù tó kọjá la ra ọmọ ajá Alsatian kan tó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ 8. Ẹni tó tà á ní òun ti fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì kó káàdì rẹ̀ fún wa. Nígbà tó yá, ajá kọ oúnjẹ, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn burúkú. Aládùúgbò wa ní májèlé ló jẹ, la bá rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ṣú bá a. Ṣé ayédèrú ni abẹ́rẹ́ yẹn ni? Àwọn ọmọ ti ń sunkún pé àwọn fẹ́ òmíràn. Ìgbà wo la lè mú un wá? Ìyá àwọn ọmọ, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ kú àdánù, ìyá wa. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ náà. Mi ò fojú rí ajá yẹn, kò sì sí àyẹ̀wò tí mo lè dì mú, àmọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ ajá tó ń bì, tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ báyìí wọlé tọ̀ mí wá, parvo ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn àrùn tí kòkòrò àìfojúrí kan ń fà, tó máa ń ba ìfun ajá jẹ́.

Abẹ́rẹ́ yẹn lè jẹ́ ojúlówó. Ẹyọ kan ni kò tó. Ọmọ ajá tó bá mu ọmú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i máa ń gba ààbò nínú rẹ̀, ààbò yìí kan náà ló sì máa ń pa iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ́ kí ara ọmọ náà tó rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀ ni ààbò ìyá ń dín kù. Ìgbà kan wá máa ń wà tí kò lágbára tó láti lé àrùn mọ́, síbẹ̀ tó ṣì lágbára tó láti dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Àsìkò yẹn ni parvo ń wá. Kò sì sẹ́ni tó lè wojú ọmọ ajá kó mọ ọ̀sẹ̀ tó máa bọ́ sí. Àwọn tí wọ́n jọ bí lọ́jọ́ kan náà pàápàá kì í bá ara wọn dọ́gba.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń gún un léraléra. Àkọ́kọ́ máa ń wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a óò sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn títí ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16, ó kéré tán. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń tìtorí owó sá fún. Tó bá pé ọdún kan, a tún gún un. Ti dìgbòlugi wà lọ́tọ̀, láti oṣù 3.

Ẹ̀tọ́ yín ni láti fura sí abẹ́rẹ́ o. Inú òtútù, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, la ń tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Ẹ wo káàdì yẹn dáadáa: ṣé sítíkà ara ìgò abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gún un, òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí dókítà ẹranko? Káàdì tó jẹ́ bírò nìkan ni ẹni tó ta ajá fi kọ nǹkan sí i, mi ò kà á sí.

Ọ̀rọ̀ epo pupa yìí ti sú mi. Kì í wo parvo, kì í sì í wo májèlé. Ajá tó ń bì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pa á lọ́tọ̀. Omi tó ń tán lára ọmọ ajá ló ń yára pa á jù: dírípù, oògùn tó ń dá èébì dúró, àti oògùn tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò inú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ohun tí a fi ń gbà wọ́n là nìyẹn. Ọ̀pọ̀ tó bá tètè dé ọ̀dọ̀ wa ló ń yè é. Àwọn ọmọ yín kò lè kó o lára ajá, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ní ti òmíràn, ẹ má tíì rà á. Kòkòrò parvo lè gbé inú iyẹ̀pẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó tiẹ̀ lè ju ọdún kan lọ níbi tí oòrùn kì í dé, bàtà sì ń gbé e kiri. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ sìmẹ́ńtì, àgò ajá àti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ kí ìdọ̀tí kankan má kù, nítorí blíìṣì kì í ṣiṣẹ́ lórí ìgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da blíìṣì ife 1 sínú omi ife 20, kó wà lórí rẹ̀ ní títutù fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣan án. Ilẹ̀ yẹpẹ kò ṣeé fọ̀. Ẹ jó ibùsùn àti aṣọ tó lò.

Tí àwọn ọmọ kò bá lè dúró, ajá tó ti dàgbà tó sì ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ mú. Bó bá jẹ́ ọmọ ajá ni wọ́n takú sí, inú ilé ni kó máa gbé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan àgbàlá títí ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá sì ń gbé e bọ̀ ní ilé ìwòsàn, inú páálí ni kó wà. Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dọ̀ wa, torí ibẹ̀ ni àwọn aláìsàn ń gbà wọlé.