Ìbéèrè Yín: Kí Ni Kí N Sọ Nípa Fọ́tò Òdòdó Ẹlẹgbẹ́ Mi?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, okun o. Àwa méje la máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé ní Kàbbà láti fi fọ́tò òdòdó, ẹyẹ àti òkè tí a yà láàárín ọ̀sẹ̀ han ara wa. Kò sí ẹni tó fi fọ́tò jẹun nínú wa. Ìfẹ́ ló kó wa jọ, fóònù sì ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ní oṣù kẹwàá, mo sọ fún ọmọbìnrin kan pé fọ́tò òdòdó ilá rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kò sì wá mọ́ láti ọjọ́ náà. Nínú ọyẹ́ yìí, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ gbé fọ́tò òdòdó igi igbá wá, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. Gbogbo wa ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà, ó dára,” bẹ́ẹ̀ ni òdòdó náà kàn pupa lásán ni, a kò rí nǹkan kan nínú pupa náà. Báwo ni èèyàn ṣe lè sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìlé e lọ, báwo ni mo sì ṣe lè sọ ọ́ fún àgbà?

ÌDÁHÙN: Okun o, ẹ kú ìnáwó ojú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọmọbìnrin náà, nítorí òun ni ẹ pàdánù. Òótọ́ ni ẹ sọ fún un, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè fi òótọ́ náà ṣe nígbà tó bá padà dé ìdí ilá rẹ̀. Ó kéré tán, nǹkan mẹ́ta ló lè mú fọ́tò òdòdó ṣe bàìbàì, oògùn wọn kò sì dọ́gba. Bí ewé tó wà lẹ́yìn òdòdó bá hàn kedere tí òdòdó fúnra rẹ̀ kò hàn, ojú kámẹ́rà ti fo òdòdó kọjá, ó ti lọ mú ewé. Bí etí òdòdó bá dà bí ẹni pé ó di méjì, tí gbogbo rẹ̀ sì fà lọ sí apá kan, atẹ́gùn ló mì ín tàbí ọwọ́ ló gbọ̀n. Bí kò bá sí ibì kankan tó hàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ó ti sún mọ́ òdòdó ju ibi tí fóònù rẹ̀ lè rí lọ, kí ó sì jẹ́ pé sísún sẹ́yìn díẹ̀ péré ni yóò tún un ṣe. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó la ẹnu, kí ó kọ́kọ́ fi ojú wá ibi tó hàn jù nínú fọ́tò náà, torí ibẹ̀ ni yóò ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ sì rántí irú òdòdó tí ó jẹ́. Òdòdó ilá kì í dúró de ẹnikẹ́ni: àárọ̀ ni ó ń là, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìyeyè rírọ̀ tí ìdí rẹ̀ pọ́n dúdú, tí ọ̀pá kékeré kan sì dúró láàárín rẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti rọ. Ìyẹn ni pé ọmọbìnrin náà ti jí, ó ti lọ, ó sì ti bá a nígbà tí ó là gan-an. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí n óò sọ kò ju èyí lọ: “O bá òdòdó yìí ní wákàtí tó yẹ, ìdí dúdú yẹn ni ojú mi sì kọ́kọ́ ń wá. Ṣùgbọ́n ewé tó wà lẹ́yìn hàn jù ú lọ. Nígbà mìíràn, fi ìka kan ọ̀pá àárín òdòdó náà lójú fóònù kí o tó yà á.” Ìyìn inú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe oyin tí a fi bo oògùn lójú, nítorí ohun tí ó ṣe dáadáa ni mo dárúkọ, kí ó má baà sọ ọ́ nù níbi tí ó ti ń tún èyí tó kù ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bá a nílé, kí ẹ sì mú fọ́tò tiyín tí kò dára lọ́wọ́, kí òun náà rí nǹkan sọ.

Ní ti bàbá, “ó dára, sà” tí gbogbo yín sọ kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ẹni tó gbé fọ́tò wá láti ilé rẹ̀ nínú ọyẹ́ fẹ́ kí a wò ó. Ẹ bi í léèrè: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ rí lára òdòdó yìí tí ẹ fi dúró?” Bóyá yóò ní oyin ló ṣù bò ó, tàbí pé bọ́ọ̀lù pupa náà tó so rọ̀ lórí ọ̀pá gígùn ló wù òun. Ẹ lè wá fèsì pé, “Mo ń wá oyin náà, sà, n kò rí i.” Àgbà kì í bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gba fóònù, tí yóò sì sún un mọ́ ojú.

Nígbà náà ni ẹ lè sọ ohun tó fà á. Òdòdó igbá kì í ṣe òdòdó kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ ló kó ara wọn jọ di bọ́ọ̀lù náà, omi dídùn inú wọn ni àdán ń wá mu lóru. Àwọn òdòdó wẹ́wẹ́ yẹn ló sọnù nínú fọ́tò bàbá. Nínú oòrùn ọ̀sán, pupa a máa kún ojú kámẹ́rà ju bó ti lè gbà lọ kí àwọ̀ yòókù tó kún, gbogbo ìlà ara òdòdó a sì pa rẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí a bá ti fọwọ́ kan òdòdó náà, a lè fa ìka wálẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ dínkù; ó sì tún sàn kí a lọ nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ẹ má ṣe sọ fún bàbá pé òkè ẹ̀yìn igi náà funfun ràkọ̀ràkọ̀, nítorí iṣẹ́ ọyẹ́ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Èmi náà ti ṣi ẹnu lò rí. Obìnrin kan láti Bùnú fi fọ́tò òdòdó òwú méjì hàn mí lórí ẹ̀ka kan náà, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú. Kíá ni mo ní ó ti fi fóònù kun àwọ̀ sí ọ̀kan. Ó wò mí títí, ó wá béèrè bóyá mo ti dé oko òwú rí. Àṣé funfun ni òdòdó òwú yẹn ń là, ọjọ́ kejì ni yóò sì pọ́n. Ọmọ àna àti ọmọ òní ni obìnrin náà yà pọ̀, ohun tó rò láti fi hàn gan-an ni mo pè ní èrú. Láti ìgbà náà, bí n kò bá mọ òdòdó kan, mo máa ń béèrè nípa rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ohun tó wà lẹ́yìn òdòdó nínú fọ́tò tún wà níbẹ̀, èyí tí mo mọ̀ pé ẹ máa ń pè ní “ìdọ̀tí.” Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ rí: “Okùn aṣọ tó gba ẹ̀yìn òdòdó kọjá ń fa ojú mi lọ.” Karl Blossfeldt, ayàfọ́tò ará Jámánì tó kọ́ni ní Berlin tó sì kú ní 1932, a máa fi ewéko síwájú ohun tí kò ní àwọ̀ kankan, kí ojú má baà ríbi sá lọ. Aṣọ dúdú kan tí ẹlẹgbẹ́ yín bá yín nà sẹ́yìn òdòdó tó fún irú iṣẹ́ yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan nínú wa ní Ìsánlú máa ń já òṣíbàtà kúrò lójú omi kí ó tó yà á. Fọ́tò rẹ̀ dára. Ṣé ó yẹ kí a sọ̀rọ̀?

ÌDÁHÙN: Ó yẹ, ṣùgbọ́n kí ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ fọ́tò, kí ó má baà rò pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ ń bú. Mo fura pé ó ń pẹ́ dé etí omi ni. Òru ni òṣíbàtà ń là, kí oòrùn tó kan àtàrí ni ó sì ti ń pa dé. Ẹni tó dé lọ́sàn-án yóò bá a ní pípadé, yóò sì fẹ́ fi ọwọ́ ṣí i. Ẹ pè é kí ẹ jọ lọ ní ìdájí.

ÌBÉÈRÈ: Láti Mọ̀pà ni mo ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp, wọ́n sì ń sọ nígbà gbogbo pé kò hàn dáadáa, bẹ́ẹ̀ ó hàn lọ́wọ́ mi.

ÌDÁHÙN: WhatsApp a máa fún fọ́tò pọ̀ kí ó lè tètè lọ, àwọn ohun wẹ́wẹ́ ló sì kọ́kọ́ ń bá a lọ. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, níbi tí wọ́n kọ “Document” sí, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀.