Wọ́n Fi Grayson Rodriguez Gba Taylor Ward: Ìdáhùn fún Àbúrò Wa

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. O ní o kò tíì lo ọdún méjì ní Maryland, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Orioles, ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù Baltimore, ti wọ̀ ẹ́ lára. O ní láti oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí wọ́n ti yọ̀ǹda Grayson Rodriguez, ajubọ́ọ̀lù (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ń figi gbá a), fún ẹgbẹ́ Angels, tí wọ́n sì gba Taylor Ward, agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ kò kọjá ọdún 2026, inú ń bí ẹ. O wá ń béèrè bóyá báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ta ọmọ ẹni lọ́pọ̀.

Mo mọ bó ṣe ń ṣe ẹ́. Ó ti ṣe èmi náà rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ọdún 2010 ni mo dé Baltimore. Ọdún yẹn náà ni Orioles mú Manny Machado nínú draft, ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọmọ tuntun; òun ni ẹni kẹta tí wọ́n pè ní gbogbo Amẹ́ríkà. Èmi tí mo dàgbà sídìí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ní Ìbàdàn, kò kọ́kọ́ yé mi rárá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí Chelsea bá fẹ́ ọmọ kan, wọ́n á kó owó jáde, ọmọ náà á sì sọ bóyá òun máa lọ tàbí òun ò lọ. Níbí, ọmọ tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ kò yan ẹgbẹ́ tó ń lọ. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe burúkú ló máa ń wà níwájú láti yàn, àfi pé láti draft ọdún 2023 wọ́n ti ń ṣẹ́ kèké lórí àyè mẹ́fà àkọ́kọ́ kí àwọn ẹgbẹ́ má baà máa mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì mú ọmọ tán, kò ní í dé òkè lọ́jọ́ kejì. Ọmọ tiwa á kọ́kọ́ gba àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó wà lábẹ́ Orioles kọjá: á gba Delmarva, á gba Frederick (Aberdeen ni títí di ọdún 2025), á gba Bowie, á gba Norfolk, ọdún á máa gorí ọdún. Tí ẹgbẹ́ bá wá fẹ́ ẹni tó ti wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń fi gba ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìrètí wa fi máa ń so mọ́ ọmọ tí a kò tíì fojú kàn.

Ní sáà 2018, ojú wa rí màbo. Ìdíje 47 péré la borí, a pàdánù 115. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n fi Machado ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Dodgers, wọ́n gba ènìyàn márùn-ún. Olórí àwọn márùn-ún náà ni Yusniel Díaz, ọmọ Kúbà. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, nínú ìdíje àwọn ọmọ tó ń gòkè bọ̀ tí wọ́n ṣe ní Washington, ó gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò nínú pápá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣojú mi lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ní Ọlọ́run ti fi òmíràn rọ́pò Machado fún wa. Mo lọ ra jẹ́sì, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ Díaz sẹ́yìn rẹ̀ fún ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, a sì wa ọkọ̀ lọ sí Bowie níbi tí wọ́n fi Díaz sí.

Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn. Àwọn ọmọdé tò sẹ́bàá ọgbà, bíírò lọ́wọ́ wọn, gbogbo wọn ń ké "Díaz! Díaz!" Ọmọ mi gorí àga kí ó lè rí i. Ọ̀gbẹ́ni kan gba iwájú wa kọjá, tọ́wẹ̀ẹ̀lì wà lọ́rùn rẹ̀, òógùn bò ó, kò sì sẹ́ni tó pè é. Ọmọ mi ní, "Dádì, ta nìyẹn?" Mo wo ìwé tí wọ́n fún wa lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Kremer ló ń jẹ́. Ó wà lára àwọn tó tẹ̀ lé Díaz wá." Mo yíjú padà sọ́dọ̀ Díaz.

Dean Kremer nìyẹn. Lọ́dún náà, kò sí ajubọ́ọ̀lù kankan ní gbogbo líìgì kékeré tó lé ènìyàn kúrò nídìí igi tó o. Àwọn 178 ni wọ́n dúró níwájú rẹ̀, tí wọ́n figi gbá afẹ́fẹ́ tàbí tí wọ́n kàn ń wo bọ́ọ̀lù títí tí wọ́n fi padà síbi tí wọ́n ti wá. Èmi ò ka nǹkan yẹn sí. Díaz fara pa, ó tún fara pa. Ó di ọdún 2022 kó tó dé Baltimore, ìdíje kan ṣoṣo ló sì ṣe fún wa. Kremer ló kù nílẹ̀. Nígbà tí a borí ìdíje 101 ní ọdún 2023, 13 nínú rẹ̀ ló wà lórúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajubọ́ọ̀lù tó borí.

Wọ́n fi òwe tọ́ mi pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Mo gbà á nínú ọ̀pọ̀ nǹkan. Nínú béésìbọ́ọ̀lù, mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní draft ọdún 2009, Matt Hobgood ni Orioles mú sípò karùn-ún, ajubọ́ọ̀lù tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ girama bọ̀. Èjìká ò jẹ́ kó dé líìgì ńlá láé. Mike Trout, tó wá di ìràwọ̀ ńlá, ṣì jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó di ipò 25 kí wọ́n tó pè é. Ní ọdún 2019, ènìyàn 41 ni wọ́n pè kí Orioles tó pe Gunnar Henderson, òun ló sì gba ẹ̀bùn ẹni tuntun tó dára jù ní American League, ọ̀kan nínú líìgì ńlá méjèèjì, lọ́dún 2023.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Demi Orimoloye. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn á mú ẹ jí. Oludemilade ni, Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, agbègbè Ottawa ní Kánádà ló dàgbà sí. Brewers ti Milwaukee mú un ní ìpele kẹrin draft ọdún 2015. Bí mo bá ti tibi iṣẹ́ dé lóru, kí n tó jẹun, mo máa kọ́kọ́ wo ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà. Orioles kọ́ ló ni ín, ṣùgbọ́n ọmọ wa ni. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ ọdún 2018, Brewers fi í gba Curtis Granderson lọ́wọ́ Toronto, àgbà ẹni ọdún 37, tí sáà sì ku oṣù kan. Orí mi gbóná. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, mo ní wọ́n ti ta ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo tí mo ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ nǹkan kan nípa béésìbọ́ọ̀lù. Ó tẹ́tí, ó wá bi mí pé, "Kí ni wọn ò ní nílé tí wọ́n fi lọ ra àgbàlagbà?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Brewers ń lé ife ni, wọ́n ń wá ẹni tó ti ṣe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gba ipò kìíní nínú ọ̀wọ́ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ṣe é títí dé ìdíje keje pẹ̀lú Dodgers kí wọ́n tó já. Orimoloye kò dé líìgì ńlá. Ó ń dùn mí títí dòní, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé Brewers ṣèkà.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi bí mo bá gbọ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ ènìyàn. Kí ni a kò ní nílé lọ́jọ́ náà?

Wo ti Corbin Burnes, ajubọ́ọ̀lù Brewers. Ní oṣù kejì ọdún 2024, a ní àwọn ọmọ tó ń figi gbá bọ́ọ̀lù débi pé wọn ò ráàyè gbá a, ṣùgbọ́n a kò ní ajubọ́ọ̀lù kan tí a lè gbé síwájú ẹnikẹ́ni kí ọkàn wa balẹ̀. Wọ́n fún Milwaukee ní Joey Ortiz àti DL Hall pẹ̀lú ìyàn kan tí í ṣe nọ́ńbà 34 nínú draft. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọdún kan ló kù fún Burnes. Ó borí 15. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, mo wà ní Camden Yards, pápá wa, lókè pátápátá, nígbà tó dojú kọ ẹgbẹ́ Royals. Ìpín mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án tí ìdíje ní ló fi jù ú. Àmì kan péré ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí Bobby Witt Jr. ti Royals gbá wọlé ní ìpín kẹfà. Lẹ́yìn náà, ó di tiwa láti gbá a. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àgbà òyìnbó kan tó wọ fìlà tí oòrùn ti pa láwọ̀, ń gbá orúnkún bí ìpín kọ̀ọ̀kan ṣe ń parí láìsí nǹkan kan. A pàdánù 1-0. Lọ́jọ́ kejì a tún pàdánù 2-1, a sì lọ ilé.

Burnes bá tirẹ̀ lọ sí Arizona, mílíọ̀nù 210 dọ́là. Àwọn ènìyàn ní wọ́n rẹ́ wa jẹ. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí a lọ gbà ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ gbà á. Àwọn tí kò rí bọ́ọ̀lù gbá ni àwọn tí a ní a kò lè fi tọrẹ.

Mo tún fẹ́ sọ ti Trevor Rogers, ajubọ́ọ̀lù, nítorí ọ̀rẹ́ ló fẹ́ ná mi. Ní oṣù keje ọdún 2024 kan náà, wọ́n kó Kyle Stowers àti Connor Norby fún ẹgbẹ́ Marlins, wọ́n gba Rogers. Ó jù ú lẹ́ẹ̀mẹrin, gbogbo rẹ̀ burú, wọ́n dá a padà sí Norfolk. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń lọ pápá ní kí n ṣe sùúrù. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ sí i, oṣù mẹ́jọ la ò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Ní sáà 2025, Stowers gbá bọ́ọ̀lù 25 jáde, wọ́n pè é sí ìdíje àwọn ìràwọ̀. Ó yẹ kí n jàre, àbí? Ọdún yẹn kan náà ni Rogers padà dé, tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje 18, tí ẹni tó ń bá a ta kò fi ń rí àmì méjì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìpín mẹ́sàn-án: 1.81 ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ mi, mo bẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ẹ̀sùn mi sí Mike Elias tó ń darí ẹgbẹ́ yìí wà nìyí. Láti ọdún 2019 títí dé 2025, kò fi ìyàn ìpele kìíní mú ajubọ́ọ̀lù kankan. Mo mọ̀dí rẹ̀: apá ajubọ́ọ̀lù tètè ń bàjẹ́, bí ti Hobgood. Ṣùgbọ́n tí o bá ń gbin iṣu nìkan, o gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí o máa gbé iṣu lọ ọjà láti fi ra epo. Ó pẹ́ kó tó lọ. Heston Kjerstad, ẹni kejì nínú draft ọdún 2020, àìsàn ọkàn mú un lẹ́yìn draft, ó jìjàkadì títí ó fi dé òkè, mo sì ń gbóríyìn fún un. Síbẹ̀, nígbà tó di ọdún 2025 ó ti padà sí Norfolk. Ohun tí wọ́n lè fi gba ènìyàn lọ́dún 2023, mo rò pé wọn kò lè fi gba ìdajì rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, Rodriguez. Ní ọdún 2024 ó borí 13, ó pàdánù 4, lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ kọ̀ fún un, kò sì ju bọ́ọ̀lù kan fún wa ní ìdíje líìgì ńlá kankan ní sáà 2025. Ward gbá bọ́ọ̀lù 36 jáde lọ́dún náà. Ìdíje 75 la borí, a gbẹ́yìn nínú ọ̀wọ́ ẹgbẹ́ wa, wọ́n ti lé Brandon Hyde, olùkọ́ni wa, lóṣù karùn-ún. Kí ni a kò ní nílé? A kò ní ẹni tó ń gbá a lọ jìnnà tó, a kò sì ní ajubọ́ọ̀lù. Èmi ì bá má ṣe é, nítorí ọdún mẹ́rin ni Rodriguez ṣì fi jẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wo apá rẹ̀ lójoojúmọ́ rí ju tèmi tìẹ lọ, mi ò sì ní í pè é ní olè.

Bí o bá fẹ́ ṣọ́ nǹkan, Shane Baz, ajubọ́ọ̀lù, ni kí o ṣọ́. Oṣù kejìlá ọdún 2025 ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ Rays ti Tampa Bay, ọmọ mẹ́rin àti ìyàn draft kan ni wọ́n fi sílẹ̀. Méjì nínú àwọn ọmọ náà, Caden Bodine àti Slater de Brun, oṣù keje ọdún 2025 náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọn. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Baz ní ìgbọ̀nwọ́ lọ́dún 2022, kò sì jù ú rárá lọ́dún 2023. Owó tó pọ̀ ni wọ́n san níbẹ̀, ju ti Ward lọ lójú mi. Ṣùgbọ́n mo rántí bí Baz fúnra rẹ̀ ṣe dé Tampa lọ́dún 2018: nígbà tí Pittsburgh fẹ́ gba Chris Archer, wọ́n fún Rays ní méjì tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n ní àwọn á sọ orúkọ ẹnì kẹta tó bá yá. Baz ni ẹnì kẹta yẹn.

Ní oṣù kẹrin, bí òtútù bá ti rọlẹ̀, èmi àti ọmọkùnrin mi máa lọ sí Bowie. Ó ti ga jù mí lọ báyìí, àbúrò rẹ̀ ló ń wọ jẹ́sì Díaz. Bá wa lọ tí àyè bá gbà ẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò wọ́n. A máa jókòó sápá ibi tí àwọn ajubọ́ọ̀lù ti ń mú ara gbóná. Kí o gba ìwé tí wọ́n ń fúnni lẹ́nu ọ̀nà, kí o sì ka orúkọ gbogbo àwọn tó bá gba iwájú wa kọjá.