Fílítà epo: ẹ kọ́kọ́ tú agbára inú páìpù

Ẹ̀gbọ́n tó ní ọkọ̀ òun ń ta gìrìgìrì tó bá ti ń gun òkè, tí mẹkáníìkì sì ti ní kí wọ́n lọ ra pọ́ǹpù epo tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ mú owó yín ná. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ fílítà epo, asẹ́ tó ń gba ìdọ̀tí inú epo kó tó dé ẹ́ńjìnnì. Ẹ lè ṣe é nílé.

Golf 3 ni mo ń wà, irú èyí tí àwọn onítakisí aláwọ̀ ewé ń lò ní Abuja níbí. Lásìkò kan tí epo wọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń ta epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì Kubwa ni mo ti ń rà á. Àrọ tí wọ́n gé lára ike omi ni wọ́n fi ń rọ ọ́, eruku wà nínú ẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lórí ilẹ̀ títẹ́, kò sí wàhálà. Kí n tẹ iná mọ́ ọn lókè ọ̀nà Bwari báyìí, á fẹ́ kú. Wọ́n ní pọ́ǹpù ni. Mo rà á, wọ́n gbé e sí i, ọjọ́ yẹn gan-an ló tún wúkọ́ lókè kan náà. Fílítà tó ti dí ló ń fún pọ́ǹpù lọ́rùn.

Inú bí mi, mo ní màá yọ ọ́ fúnra mi. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà, níwájú táǹkì, lápá ọ̀tún lẹ́yìn. Mo pa ọkọ̀, mo wọ abẹ́ ẹ̀, mo tú kílípù àkọ́kọ́. Epo ta ṣàà sí mi lójú! Ó ṣàn wọ abíyá mi, ó ń ta mí bí ata. Ìyàwó mi ń bu omi lé mi lójú títí garawa fi gbẹ. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń dún lẹ́yìn ògiri. Ká ní inú ọgbà tiwa ló wà ńkọ́?

Ohun tí n kò mọ̀ nìyẹn: bí ẹ bá pa ọkọ̀, agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo ṣì wà nínú páìpù. Ẹ yọ fúúsì pọ́ǹpù (ti Golf wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi orúnkún awakọ̀), kí ẹ wá sítáàtì ọkọ̀. Á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á kú fúnra ẹ̀. Ẹ tún un sítáàtì lẹ́ẹ̀mejì kó lè fa ìyókù tán. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gátíìfù, kí ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, láìsí iná, láìsí sìgá. Ẹ wọ gíláàsì, kí ẹ fi àkísà bo ibi tí ẹ ń tú. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sùn sábẹ́ ẹ̀ o. Ẹ fi stand, irin tó ń gbé ọkọ̀ dúró, tì í.

Ọfà tó wà lára fílítà tuntun, apá ẹ́ńjìnnì ni kó kọjú sí. Ẹ ra kílípù tuntun mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá tò ó tán, tẹ́ ẹ dá fúúsì àti bátìrì padà, ẹ má tíì sítáàtì ọkọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí pọ́ǹpù á fi kùn hùn-ùn, kí ẹ pa á, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu ojú ìsopọ̀ méjèèjì. Tí tíṣù bá tutù, ẹ tún un dè.

Tó bá jẹ́ Corolla 2003 sókè ni tiyín, ẹ má wá a lábẹ́ ọkọ̀. Inú táǹkì ló wà pẹ̀lú pọ́ǹpù, abẹ́ àga ẹ̀yìn lẹ ó gbà dé ibẹ̀. Ìyẹn, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mo da fílítà mi àtijọ́ sínú abọ́ funfun, láti ẹnu tí epo ń gbà wọlé. Ó dúdú bí àgbo, ìpẹ́ irin tó ti dógùn-ún wà nínú ẹ̀, omi sì ń yí kiri nísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Pọ́ǹpù tí wọ́n ní ó ti kú yẹn ńkọ́? Mo fún onítakisí kan ládùúgbò wa. Inú Golf ẹ̀ ló ṣì wà di àná.