Ẹyin Ostara: adìẹ ni kí ẹ bi, ẹ fi Ishtar sílẹ̀

Àbúrò, ìbéèrè rẹ dáa, èsì tí wọ́n fún ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ò dáa. O ní obìnrin òyìnbó kan níbi iṣẹ́ ẹ gbé ẹyin alárànbarà wá lóṣù kẹta, ó ní ọdún Ostara làwọn ń ṣe, ọdún ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru máa ń dọ́gba, o wá bi pásítọ̀ yín pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pásítọ̀ ní Ostara náà ni Ishtar, Ishtar ni òrìṣà Bábílónì, ẹyin ni wọ́n fi ń bọ ọ́, ehoro lẹranko ẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ ẹyin yẹn ti bá wọn jẹ ẹbọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri lórí WhatsApp, ọdọọdún náà ni inú ń bí mi. Kìnnìún lẹranko Ishtar o! Wọ́n ti kó ògiri Bábílónì lọ sí mùsíọ́mù ní Berlin, kìnnìún ló tò sí i lára lọ rẹrẹẹrẹ, kò sí ehoro kan níbẹ̀.

Ẹni tó kó wa sí wàhálà yìí ni Alexander Hislop, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní Scotland tó ń bá ìjọ Àgùdà jà, tó tẹ ìwé pélébé kan jáde ní 1853, tó tún wá sọ ọ́ di ìwé ńlá ní 1858, kó ṣáà lè fi hàn pé gbogbo nǹkan táwọn Àgùdà ń ṣe, Bábílónì ló ti wá. Ó gbọ́ Easter, ó gbọ́ Ishtar, ó ní wọ́n dún bákan náà, ó parí. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí nìyẹn? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Ti Hislop ti lọ ju àádọ́jọ ọdún lọ, òótọ́ ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn ẹ̀.

Ìtàn orúkọ Easter àti Ostara ò gùn, ẹ jẹ́ n sáré sọ ọ́ kọjá. Bede, mọ́ńkì kan ní àríwá England, kọ ọ́ ní 725 pé àwọn baba ńlá òun ní oṣù kan tó ń jẹ́ Eosturmonath, pé òrìṣà obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Eostre ni wọ́n ń ṣọdún fún nínú ẹ̀. Ó tán. Kò sọ̀rọ̀ ẹyin, kò dárúkọ ehoro. Ní 1835 ni Jacob Grimm, onímọ̀ èdè kan ní Jámánì, sọ pé táwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ní Eostre, a jẹ́ pé àwọn tiwa náà ní tiwọn, Ostara lá máa jẹ́. Wọ́n hú òkúta ìrúbọ tó lé ní 150 jáde ní Morken-Harff ní Jámánì níbẹ̀ ní 1958, orúkọ àwọn òrìṣà ìyá kan ló wà lára wọn, Austriahenae, ó sì jọ Eostre, torí náà èmi ò ní pe Bede lópùrọ́, ó ṣeé ṣe kí òrìṣà náà ti wà lóòótọ́. Ehoro ńkọ́? Dókítà Jámánì kan, Georg Franck von Franckenau, kọ ọ́ ní 1682 pé wọ́n máa ń sọ fáwọn ọmọdé pé ehoro ló ń yé ẹyin ọdún pamọ́ sínú koríko. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń parọ́ fọ́mọdé.

Ọdún tí obìnrin yẹn ń ṣe gan-an, ọmọ àná ni. Ọdún 1951 ni wọ́n fagi lé òfin tó lòdì sí iṣẹ́ àjẹ́ ní England, lẹ́yìn ìyẹn ni òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, Gerald Gardner, gbé Wicca, ẹ̀sìn àwọn tó ń pe ara wọn ní àjẹ́, jáde sí gbangba. Ọdún mẹ́rin làwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kà sí pàtàkì níbẹ̀rẹ̀, àfìgbà tó di 1958 tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Bricket Wood, lẹ́bàá London, ní káwọn fi mẹ́rin ti oòrùn kún un, ìyẹn ọjọ́ méjì tí ọ̀sán àti òru dọ́gba, ọjọ́ tí ọ̀sán gùn jù àti ọjọ́ tó kúrú jù, ni gbogbo ẹ̀ wá di mẹ́jọ tó ń yípo bíi kẹ̀kẹ́. Ti oṣù kẹta yìí ò tíì lórúkọ gidi. Ọdún 1974 ni Aidan Kelly ní California lọ mú Ostara láti ọ̀dọ̀ Grimm, ó fi sọ ọ́, ìwé ìròyìn tó sì gbé kàlẹ́ńdà ẹ̀ kiri, Green Egg ló ń jẹ́, ẹyin tútù bí ewé, ẹ má rò pé mo fi iyọ̀ sí i. Àwọn tó mọṣẹ́ láàárín wọn ò fi èyí pamọ́. Ronald Hutton, onítàn ní yunifásítì Bristol, ti kọ ọ́ jáde, wọ́n kà á, wọn ò bá a jà, wọ́n ṣì ń ṣọdún wọn lọ. Nínú ìkànìyàn 2021 ní England àti Wales, nǹkan bí 74,000 èèyàn ló kọ Pagan, orúkọ tí àwọn Wicca àtàwọn ẹlẹ́sìn bíi tiwọn ń jẹ́, síbi ẹ̀sìn, wọ́n jẹ́ bíi 57,000 ní 2011. Wọn kì í ṣe èèyàn Bábílónì, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń wọ bọ́ọ̀sì ni.

Wàyí o, ẹyin. Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí, ẹ fún mi láyè.

Ìdí adìẹ ni mo dàgbà sí. Bàbá mi ní oko adìẹ lẹ́yìn Mọ́níyà, iṣẹ́ tèmi sì ni láti máa rọ kẹrosín-ìn sí fìtílà lálẹ́, kí n fi bébà nu gíláàsì ẹ̀ tí èéfín ti sọ di dúdú, kí n gbé e kọ́ sórí wáyà láàárín ilé adìẹ. Tó bá ti tàn, àwọn àgbébọ̀ tó ti fẹ́ sùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́lẹ̀, ọ̀kan á bọ́ sílẹ̀, òmíràn á tẹ̀lé e, wọ́n á padà sídìí oúnjẹ bí ìgbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Adìẹ ẹlẹ́yin ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ bíi wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, ọ̀sán tiwa ò ju 12 àti díẹ̀ lọ, fìtílà ló ń bá wa dí i. Ìgbà kan kẹrosín-ìn wọ́n, fìtílà ò tàn mọ́, kò pẹ́ tí kéréètì ẹyin fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Oúnjẹ ò dín o, omi ò dín, àìsàn kankan ò wọ agbo. Bàbá mi máa ń sọ pé adìẹ kì í fojú nìkan ríran, mo rò pé òwe ni wọ́n ń pa, àṣé òótọ́ ni, ìmọ́lẹ̀ máa ń gba agbárí adìẹ wọlé sínú ọpọlọ ẹ̀, ibẹ̀ lara ẹ̀ ti ń mọ̀ pé àsìkò àtiyé ti tó.

Ẹ wá gbé ìyẹn lọ sí England ayé àtijọ́, níbi tí kò sí fìtílà tàbí bọ́lùbù nílé adìẹ. Lóṣù Kejìlá, ọ̀sán London ò pé wákàtí mẹ́jọ. Adìẹ ò yé, ó jókòó gẹlẹtẹ. Lóṣù kejì, ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, nígbà tó bá fi máa di nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kẹta tí ọ̀sán àti òru dọ́gba, ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin mẹ́rin ló ń fi gùn sí i lójúmọ́, apẹ̀rẹ̀ ti kún. Ìgbà yẹn gan-an sì ni ṣọ́ọ̀ṣì wá ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹyin, torí ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, ẹran léèwọ̀, wàrà léèwọ̀, ẹyin náà léèwọ̀. Ta ló máa sọ fún adìẹ pé à ń gbààwẹ̀? Ó ń yé lọ ní tiẹ̀. Ẹyin ń pọ̀ nílé, wọ́n ń sè é kó má bàa bàjẹ́, nígbà tí Ọdún Àjíǹde fi máa dé, ẹyin ti gba ilé kan, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n fi ṣe? Wọ́n kùn ún, wọ́n fi tọrẹ, wọ́n kó o fún ọmọdé, wọ́n kó o fún fadá, wọ́n kó o fún onílẹ̀. Ọba Edward Kìíní ní 1290, ó wà nínú ìwé ìnáwó ààfin, 450 ẹyin ni wọ́n ra ní pẹ́nì 18 tí wọ́n kùn, tí wọ́n fi wúrà bò, tí ọba fi ta àwọn ará ilé ẹ̀ lọ́rẹ. Ó yẹ kí ẹni tó ń pariwo Ishtar ka ìwé ìnáwó yẹn.

Ẹ lọ wo Ìráànì náà, ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru dọ́gba lóṣù kẹta yìí ni ọdún tuntun wọn, Nowruz, ẹyin aláwọ̀ wà lórí tábìlì wọn. Àwọn Júù gbé ẹyin sínú àwo Ìrékọjá. Mélòó nínú wọn ló gbọ́ orúkọ Eostre rí? Kò sí òrìṣà kan tó pa gbogbo wọn pọ̀, adìẹ ló pa wọ́n pọ̀, àti oòrùn tó ń padà bọ̀. Ìyẹn lèmi ń sọ, mi ò ní yẹ̀ lórí ẹ̀.

Àwọ̀ ẹyin yẹn tó ń dẹ́rù bà yín, èèpo àlùbọ́sà ni. Àwọn ará Lancashire á fi èèpo yẹn dì í, wọ́n á fi òwú so ó, wọ́n á sè é, á pupa rẹ́súrẹ́sú, tó bá dọjọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, àwọn ọmọdé á gbé e lọ sí Avenham Park ní Preston, wọ́n á máa yí i láti orí òkè. Àwọn onígbàgbọ́ ló ń ṣe é o. Tí wọ́n bá fún ẹ, fi iyọ̀ sí i, jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá ní ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru dọ́gba nìkan lẹyin lè dúró lóòró, ẹ má dá wọn lóhùn, Life, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà, ló gbé e láti Ṣáínà ní 1945, ọdún ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé tàwọn yẹn sì ni, oṣù kejì ló ń bọ́ sí. Tọ́wọ́ ẹ ò bá gbọ̀n, ẹyin á dúró lọ́jọ́kọ́jọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni àwa fúnra wa. Nílé, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù kẹfà, ìyàtọ̀ ọ̀sán wa ò pé wákàtí kan, kò sẹ́ni tó máa ṣọdún fún un. Àkọ́rọ̀ òjò là ń wò. Lóṣù kẹta yìí náà, òórùn ilẹ̀ á kọ́kọ́ wọ imú, afẹ́fẹ́ á gbé páànù àwọn aládùúgbò, àwọn àgbà á ti máa wá irúgbìn àgbàdo. Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Ìbàdàn lónìí kí ló ń jẹ́ àkọ́rọ̀, á máa wò yín. Àmọ́ ó mọ spring o, ó mọ autumn, ó ti rí i nínú fíìmù. Ẹyin náà, inú kéréètì ló mọ̀ pé ó ti ń wá. Mo sì ti rí àwọn ọmọ wa kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé ère Òṣun sórí pẹpẹ Ostara, wọ́n ní òrìṣà ìgbà ìrúwé ni. Oṣù kẹjọ ni wọ́n ń bọ Òṣun ní Òṣogbo, ẹnu òjò sì ni, ewé ti rúwé tipẹ́. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé e.

Ẹni tí ò bá gbà mí gbọ́, kó lọ wo Australia. Nígbà tó jẹ́ oṣù kẹsàn-án ni ìmọ́lẹ̀ tiwọn ń padà bọ̀, oṣù kẹsàn-án làwọn Pagan ibẹ̀ ń ṣe Ostara, wọn ò dúró de oṣù kẹta ti England. Ọdún Àjíǹde ní tiẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi débẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ẹ̀, ìgbà tí òtútù ń bọ̀ ló máa ń bọ́ sí, àsìkò tí adìẹ ń dẹwọ́. Kí ẹni tó bá ní òrìṣà ló yan oṣù fún ẹyin wá ṣàlàyé ìyẹn fún mi.